Ọwọ́ Ìléríolúwa Kò Kan Etí

Ìléríolúwa kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún tó ti ń ka orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù Òkè-Fíà láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ìyá rẹ̀, Phebe, aránṣọ ọmọ Iléṣà tó fi Òṣogbo ṣe ilé, kọ́kọ́ rò pé ó há wọn sórí ni. Ó wá gbé ìwé ìròyìn tó ti gé fún ìwọ̀n bùbá sí i níwájú. Ọmọ náà kà á ketekete, ó sì béèrè ohun tí gómìnà ṣe tí mọ́mì fi gé e sí méjì.

Láti ọjọ́ náà ni ìmọ̀ràn ti ń rọ̀ bí òjò. Ọlájùmọ̀kẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní kí wọ́n gba tíṣà lẹ́sìnnì sílé. Phebe bi í bóyá A, B, D ni tíṣà fẹ́ wá kọ́ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn kan dárúkọ ilé ìwé aládàáni, níbi tí wọ́n ti ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ wà, orin labalábá ni wọ́n ń kọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tíṣà wọn fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ní ti tán.

Ilé ìwé kan ṣoṣo ni ojú Phebe wà: ti ìjọba, tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọ̀gá ibẹ̀, Àlàájà Nọ́síràtù, ní àṣà kan. Ọmọ tó bá já fáfá nínú ìṣirò, Àlàájà á fà á lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásìkò ìṣirò, á sì dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ṣe tán. Ohun tí ọmọ òun nílò gan-an nìyẹn, ni Phebe wí.

Ṣùgbọ́n òfin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí yóò wọ kíláàsì kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Tí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé kíkà kò sí nínú òfin náà. Wọ́n lè bí ẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tí apá rẹ bá kúrú, ilé ni wàá lọ.

Ní Fúráìdè tí wọn yóò gba orúkọ kẹ́yìn, ní Sẹ́tẹ́ńbà 1994, Phebe múra fún ọmọ bí ẹni ń lọ sí òde ìyàwó. Orúkọ kò tíì wọlé, yunifọ́ọ̀mù ti wà nílẹ̀. Ó di irun rẹ̀ ní ṣùkú, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sáàárín orí, ó ga fíofío.

Ní ọ́fíìsì, Ìléríolúwa gbé ọwọ́ kọjá. Ìka rẹ̀ dúró lókè etí. Ó tún un ṣe, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, bí ẹni pé ìyẹn lè mú apá gùn. Ó ṣì ku díẹ̀.

Àlàájà pa rẹ́jísítà dé. “Ó di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá Ìlérí.”

Phebe ní ọmọ òun lè ka rẹ́jísítà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò sì ní kúrò níbẹ̀.

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ tún fẹ́ wá ṣe òṣómàáló fún mi,” ni Àlàájà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ẹ lóṣòó síbẹ̀ dalẹ́, apá ọmọ yín ò ní torí ẹ̀ gùn sí i.”

Èébú ti wà lẹ́nu Phebe, ó gbé e mì. Obìnrin yìí kò yẹ òfin náà fún ọmọ kọmíṣọ́nnà rí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ó fa tẹ́èpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ìka àti etí. Íǹṣì kan. Íǹṣì kan péré ló fẹ́ gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ òun.

Ìléríolúwa ń wo tẹ́èpù náà. Ó fọwọ́ kan àárín orí ara rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ wọn irun mi náà.”

Phebe wọ̀n ọ́n. Íǹṣì méjì.

Ọmọ náà yíjú sí Àlàájà. “Mà, ṣé irun wà nínú òfin?”

Ojú ti Phebe: òun fúnra òun ló mọ òkè sórí ọmọ, tó tún ń bá ẹlòmíì jà pé ọmọ kò lè gùn ún kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣùkú. Kò pẹ́ tí Àlàájà fi dìde lórí àga, òun náà kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó ń tú apá ibẹ̀.

Wọn kò tíì tú u tán tí ọmọ tẹ irun náà mọ́lẹ̀, tó gbé ọwọ́ kọjá, tó sì di etí rẹ̀ mú gbámú.

Àlàájà kọ orúkọ náà gàdàgbà. “Ọwọ́ ti kan etí,” ó ní. “Ní Mọ́ńdè, tí agogo ìṣirò bá lù, wá bá mi. Kíláàsì kẹta la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Ìléríolúwa jáde, apá kan orí rẹ̀ ṣì wà ní dídì, apá kejì dúró gírí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta, ó dúró, ó gbé ọwọ́ kọjá lórí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ṣì wà níbẹ̀.