Ẹni Tí A Fẹ́ Bọlá Fún Nídìí Táró

2.

...kì í ṣe àwa la rà á. Atukọ̀ òkun kan ló gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì ní búkà Màmá Gladys, lẹ́bàá Warehouse Road ní Àpápá, lọ́dún 1983. Káàdì aláwòrán ni: òṣùpá, ọba, ilé gogoro tí mànàmáná kọ lù, egungun tó gun ẹṣin. Táró ni wọ́n ń pè é. Àwọn òyìnbó máa ń fi wo ọjọ́ ọ̀la.

Màmá Gladys bá a tọ́jú rẹ̀. Atukọ̀ náà kò padà wá.

3.

OHUN TÍ MÀMÁ GLADYS ṢE FÚN TÁRÓ
(Èmi Hameed ni mo kọ ọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo káàdì ní Ajégúnlẹ̀.)

— Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ọ.
— Ó kọ́ gbogbo wa.
— Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé, "Wàá kú."
— Bí egungun ẹlẹ́ṣin, káàdì ikú, bá jáde, á rọra bi ẹni náà pé: "Kí lo fẹ́ fi sílẹ̀?"

Sylvanus fi ọtí sílẹ̀.
Omoefe fi ọkọ sílẹ̀.

4.

ÌKÉDE
A Ó BỌLÁ FÚN MÀMÁ GLADYS
NÍTORÍ IṢẸ́ ŃLÁ RẸ̀ NÍDÌÍ TÁRÓ
Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, 1992. Ajégúnlẹ̀.
Tẹrú-tọmọ la pè.

5.

Ifeyinwa, ọmọ rẹ̀, wá bá mi.

IFEYINWA: Brọ̀dá Hameed, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ màmá mi kúrò lára pépà yẹn kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ síta.
ÈMI: Kí ló dé?
IFEYINWA: Àwọn ará ilé Raphael ń bọ̀ wá tọrọ mi. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, ó parí nìyẹn.
ÈMI: Ṣé màmá mọ̀ pé o wá?
(Ó ká pépà náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀.)

6.

Mo bá Màmá Gladys níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ohun tí Ifeyinwa bá wá fún un, mo sì bi í bóyá ká fagi lé ayẹyẹ náà.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní, "Hameed, no vex. Ẹnikẹ́ni ò pè mí síta rí kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Ó wù mí. Àmọ́ ọmọ mi ni."

"Tá a bá yọ orúkọ yín nìkan ńkọ́, mà?"

"I go come. Màá jókòó sẹ́yìn."

7.

ÌKÉDE
A Ó BỌLÁ FÚN            

8.

Láti ibùdókọ̀ Coconut dé Ìjọra, àwọn èèyàn ò sọ nǹkan mìíràn mọ́ ju ẹni tí yóò jẹ́ lọ.

"Òṣèlú ni."
"Na white man."
"Wọ́n ní ó ti kú."

9.

Gbọ̀ngàn kún. Màmá Gladys wọ léèsì búlúù. Tàbí àwọ̀ ewé ni. Ó ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó tì í. Bàbá Raphael ni. Wọn ò tíì pàdé rí.

Omoefe wà níwájú wọn. Ohun tó gbọ́ nìyí:

BÀBÁ RAPHAEL: Madam, ta ni wọ́n fẹ́ bọlá fún gan-an?
GLADYS: Sà, ẹ̀yin náà ń wo káàdì ni?
BÀBÁ RAPHAEL: Ká má rí i. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Àmọ́ wọ́n ní ẹni yìí ló gba Sylvanus, ọmọ àbúrò mi, lọ́wọ́ ọtí. A gbàdúrà títí nígbà náà. Mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ̀.
GLADYS: Tẹ́ ẹ bá wá rí i ńkọ́?
BÀBÁ RAPHAEL: Mi ò tíì mọ̀.

10.

Ifeyinwa wọlé. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀.

11.

Mo ní: "Ẹni tí a ń bọlá fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú."

12.

Màmá Gladys dìde.

Bàbá Raphael yẹ orúnkún kó lè kọjá. Bóyá ó ti mọ̀. Bóyá ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún un.

Màmá Gladys dé àárín gbọ̀ngàn. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Èmi wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ó dúró.

13.

Mo pa máìkì. Bó bá wù ú, kó fúnra rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀.