Ìpàkọ́ Tíṣà Nínú Kámẹ́rà

Kámẹ́rà náà kò ju páálí ìṣáná méjì lọ. Àwọ̀ fàdákà ni, okùn kékeré kan sì wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè fi gbé e kọ́ ọrùn ọwọ́. Nínú gbogbo kámẹ́rà tó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á, òun lowó rẹ̀ kéré jù. Ẹni tó tà á gan-an kò kà á sí nǹkan bàbàrà, ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tẹ ibí, ó ti yà á nìyẹn." Ṣùgbọ́n ní ti onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kíá, ọjọ́ tó fi bátìrì méjì sínú rẹ̀, tó tẹ bọ́tìnnì òkè, tí ojú kámẹ́rà náà sì yọ jáde bí orí ìjàpá tó fẹ́ wo ìta, ọjọ́ náà layé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Kíá kì í ṣe nǹkan kíá. Bí oníbàárà bá yọjú, á ní, "Ẹ jókòó, kíá ni," ẹni náà á jókòó, á ka ìwé ìròyìn àná tán, á tún un kà, kí wọ́n tó so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró dè é.

Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kíá ya kẹ́tùlù. Ó tún kẹ́tùlù náà yà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, àfi bíi pé kẹ́tùlù fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ó ya ìyàrí mẹ́fà tó tò sórí tábìlì, ó ya bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà níbi tó ti ń bínú pé kí ló ń fi bàtà òun ṣe. Bó bá ya ọ̀kan tán, á wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, á sì máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Kì í pa ìkankan rẹ́. Ta ló ń pa kẹ́tùlù tó rẹwà báyẹn rẹ́?

Ọjọ́ tí dígí ọwọ́ rẹ̀ fọ́ ni kámẹ́rà di irinṣẹ́. Dígí yẹn ló máa ń gbé sẹ́yìn orí oníbàárà, kí onítọ̀hún lè rí bí wọ́n ṣe gé ẹ̀yìn fún un. Ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di wẹ́wẹ́, awakọ̀ kan tó jókòó lórí àga sì ń bèèrè pé báwo lẹ̀yìn orí òun ṣe rí. Kíá ronú díẹ̀, ó mú kámẹ́rà, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ wàì, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé fọ́tò tó kẹ́yìn jáde, ó na kámẹ́rà sí awakọ̀.

"Èmi nìyí?" Awakọ̀ fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bá fọ́tò mu. "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń gbé orí yìí kiri, mi ò pàdé ẹ̀yìn rẹ̀ rí!"

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí irun wọn kò tíì hù ń wá gé e. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jiyàn lórí ẹni tí ìpàkọ́ rẹ̀ jọ ti bàbá wọn jù. Ẹsẹ̀ Kíá kò kanlẹ̀ mọ́, ó ń fi ìdí jó láàárín àga méjì, abẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, kámẹ́rà lọ́rùn ọwọ́ òsì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ fẹ́ Nọ́ọ̀sì, ọmọge tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà fẹ́ ẹ, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Tí bàbá mi bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀la ni mo máa di ẹrù mi. Tí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní lè ṣe é. Mo mọ ara mi."

Bàbá rẹ̀ ni Tíṣà, tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ẹbí rẹ̀, ohun méjì ni Tíṣà fẹ́ràn láyé: òtítọ́ àti irun orí ara rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wá tọrọ Nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ iná kan, Tíṣà yá a ní ìwé. Nígbà tó dá a padà, ó ní òun ti kà á tán. Tíṣà bi í ní ìbéèrè kan péré. Ẹnikẹ́ni kò tún fojú kan oníṣẹ́ iná náà ládùúgbò mọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Tíṣà fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú fìlà lórí. Gbogbo èrò dìde kí i. Kò jókòó títí ó fi dé iwájú Kíá.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

"Èmi ni, sà."

"Gé irun mi. Ọwọ́ èèyàn ni mo máa ń wò kí n tó wo ẹnu rẹ̀."

Kíá so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, Tíṣà sì ṣí fìlà. Irun iwájú kún, ó ń dán, wọ́n sì yà á sẹ́yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, lábẹ́ irun gígùn tí wọ́n fà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá bò ó, ibi kan wà tó rí rìbìtì, tó pá kanlẹ̀, tó sì tó àwo kékeré tí wọ́n ń gbé ife tíì lé. Kíá dá ìyàrí dúró lófuurufú.

"Ibẹ̀ yẹn," Tíṣà fọwọ́ kàn án, "irun ibẹ̀ máa ń rọ̀ ju ìyókù lọ. Rọra ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó rọ̀."

Ó rọra ṣe é. Kò tíì rọra gé irun báyẹn rí láyé rẹ̀. Nígbà tó parí, tó ń gbọn aṣọ, tó ń dúpẹ́ lọ́kàn pé dígí ọwọ́ ti fọ́, Tíṣà gbọ̀nà mìíràn yọ sí i.

"Wọ́n ní o ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ẹ̀yìn orí hanni. Fi tèmi hàn mí."

 Kò sí ibi tí Kíá fẹ́ sá gbà. Ó gbé kámẹ́rà sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà dún kín-ín, ọ̀rọ̀ pupa kékeré kan yọ lójú rẹ̀, ó sì pa rẹ́. Iná kò mọ́lẹ̀ wàì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí pé kí ayé òun dojú rú kì í ráyè wo iná. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé fọ́tò jáde, ó na kámẹ́rà sí Tíṣà, ó sì di ojú.

"Háà," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní irun."

Kíá la ojú kan. Ó yọjú wo fọ́tò láti òkè èjìká Tíṣà. Irun dúdú kirimú ló rí níbẹ̀, kò sí àyè tí kòkòrò lè gbà kọjá. Orí oníbúrẹ́dì ni, tó dìde lórí àga yẹn gan-an ní bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Káàdì inú kámẹ́rà ló kún. Kẹ́tùlù, ìyàrí àti bàtà ti gba gbogbo ibẹ̀, kò sáàyè fún ìpàkọ́ Tíṣà mọ́.

Kíá la ẹnu. "Sà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Wá sílé mi lọ́la ní aago mẹ́rin," Tíṣà wí, ó ń dìde, ara rẹ̀ ń yá gágá. "Ká jọ sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Mú ẹ̀rọ yẹn dání, kí ìyá rẹ̀ náà lè rí i."

Kíá pa ẹnu dé. Mi ò dá a láre, mi ò sì ní ju òkúta lù ú.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ láìdé fìlà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nígbà tí àlejò bá wà nílé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí Kíá pé kó má bẹ̀rù.

"Fi hàn wọ́n," Tíṣà pàṣẹ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo fọ́tò. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tún fọ́tò wò. Lẹ́yìn náà ló wá wo Kíá, irú ìwò tí wọ́n ń wo ọmọ tí wọ́n bá nídìí àwo tó fọ́. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Orí yìí mà dáa o," ló wí, ó sì na kámẹ́rà sí ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wò ó, ikọ́ sì gbé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sá lọ sí ilé ìdáná lọ mu omi.

"Ẹ wò ó," ni Tíṣà wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, "ẹkún ayọ̀ ló ń pa ọmọ mi." Ó dìde dúró. "Kíá, mo ti rí i. Ọwọ́ rẹ dára, o kì í ṣe aláròyé, o ò sì tíì purọ́ fún mi. Mo gbà. Ẹ fẹ́ra yín."

Ó tán! Ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́! Bó bá jẹ́ pé Kíá dúpẹ́, tó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde nígbà yẹn, ìtàn ì bá parí síbẹ̀. Ó ti tẹ̀ síwájú láti dúpẹ́ nígbà tí Tíṣà gbé ọwọ́ sókè.

"Ohun kan ló kù. Bá mi lọ tẹ fọ́tò yẹn jáde. Kó tóbi, kó tó báyìí." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Màá fi sí férémù, màá gbé e kọ́ sára ògiri yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yín á ti máa wo bàbá àgbà wọn."

Kíá wo ògiri. Ó rí ìpàkọ́ oníbúrẹ́dì níbẹ̀ nínú férémù. Ó rí ara rẹ̀ tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú fún ogójì ọdún. Ó rí ọmọ tí wọn ò tíì bí, tó ń nawọ́ sí ìpàkọ́ oníbúrẹ́dì, tó ń pè é ní bàbá àgbà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kíá kò lè dúró de ogún ọdún. Kò lè dúró de férémù pàápàá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Sà, orí oníbúrẹ́dì nìyẹn."

"Kí lo wí?"

"Orí inú fọ́tò yẹn, sà. Ti oníbúrẹ́dì ni. Káàdì ló kún, kò ya tiyín. Mo ti rí i lánàá, mo sì dákẹ́, torí mo fẹ́ Nọ́ọ̀sì. Ẹ dárí jì mí."

 Nọ́ọ̀sì ti padà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Omi wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì.

"Dìde," ni Tíṣà wí. "Ya tèmi."

Kíá pa kẹ́tùlù kan rẹ́ kí àyè lè wà. Iná mọ́lẹ̀ wàì. Tíṣà gba kámẹ́rà, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló ni èyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Irun rẹ̀ dà?"

"Kò sí, sà."

Tíṣà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Nọ́ọ̀sì, o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá."

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé omi mì. "Bàbá, gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀."

"Ẹ̀yin ń fárí lẹ́yìn olórí!" Tíṣà lu tábìlì. "Nínú ilé mi! Ọkùnrin yìí purọ́ fún mi, ẹ̀yin náà sì ń gbè é!"

"Ẹ jókòó, Bàbá Nọ́ọ̀sì," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Èmi ni mo ń bá yín rí tiyín. Ẹ̀yìn lẹ máa ń kọ sí mi tẹ́ ẹ bá ń sùn. Tí mo bá jí láàárọ̀, ibẹ̀ yẹn ni mo ń kọ́kọ́ rí lórí ìrọ̀rí, tó ń dán. Mo bá ti rí i, ara mi á balẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà lọ máa dé fìlà sùn. Tó bá jẹ́ torí irọ́ lẹ fẹ́ lé ọmọ yìí, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé. Òun purọ́ lánàá, ó jẹ́wọ́ lónìí. Èmi ńkọ́, mo jẹ́wọ́?"

 Èjìká Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kíá rò pé ìbínú ni, ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó tó rí i pé ẹ̀rín ni.

"Mo ní ó rọ̀!" Tíṣà kígbe, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ní ó rọ̀ ju ìyókù lọ! Ó sì ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà!'" Ó di ikùn mú. Ìyá Nọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín, Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ife omi, Kíá sì ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀ bóyá wọ́n fún un láàyè láti rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Tíṣà rí èémí mí, ó fa àga kan sí ojú fèrèsé, ó jókòó, ó tẹrí ba. "Nọ́ọ̀sì, lọ mú abẹ ìfárùngbọ̀n mi wá, àti omi gbígbóná àti ọṣẹ. Kíá, fá a. Gbogbo rẹ̀ ni kó o fá."

Wọ́n kó o wá, pẹ̀lú aṣọ ìnura tí wọ́n fi lé Tíṣà léjìká. Kíá fi ọṣẹ kun orí náà títí ó fi funfun, ó mú abẹ, ó sì tún gbé e kúrò lórí. Onígbàjámọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọkàn tí kò balẹ̀ fárí.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ohun tí mo ṣe yìí, ṣé ẹ ṣì gbà kí n fẹ́ ẹ?"

Tíṣà kò gbé orí sókè. Ọrùn rẹ̀ wà ní gbangba lábẹ́ abẹ. "Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "ṣé ẹni tí mi ò lè fún lọ́mọ ni mo máa tẹrí fún báyìí, pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Kíá gbé abẹ sílẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò rí ibi tí orí wà mọ́. Nọ́ọ̀sì yọ aṣọ ìnura léjìká bàbá rẹ̀, ó ń fi nu ojú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, Tíṣà sì jókòó síbẹ̀, ọṣẹ ń kán sí i létí, ó ń pariwo pé omi ti ń tutù.