Koríko Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

"Ojú mi báyìí ló ṣe!" Bàbá Souleymane fi ìka méjì kan ìpéǹpéjú rẹ̀. "Iná ti mú apá ọkọ̀ òfurufú náà. Kàpìtẹ́nì Barthélemy gba àárín òkè méjèèjì kọjá, ó rọra bà sílẹ̀ ní pápá bí ẹyẹlé. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi."

Wẹ̀mímọ́ kò kọ nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ Kàpìtẹ́nì Barthélemy ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e láti Pọbẹ̀ wá sí Ṣábẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtàn. Kò mọ ẹnì kankan nílùú, ìrọ̀lẹ́ sì máa ń gùn jù fún un. Ojoojúmọ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kọjá, tó ń wo ilẹ̀ gbọọrọ tí màlúù ń jẹ̀ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjì, olè wúrà àti awakọ̀ akíkanjú kún ibẹ̀ nínú ìtàn tó ń kọ. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní kó máa wá kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láti Kaboua dé Sakin, kò sí ẹni tí kò mọ Kàpìtẹ́nì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ Kàpìtẹ́nì yẹn. Àròsọ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mò ń wá."

"Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

"Ọdún 1990, Bàbá."

"O ò rí i! Mo ti ní ìyàwó méjì nígbà náà. O gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, o kọ ọ́, o wá ní ìwọ lo dá a sílẹ̀. Àwa la rí i."

Ẹni kẹrin nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbìmọ̀ kan nílùú fẹ́ gbé pátákó ìtàn sí ẹnu ọ̀nà pápá náà, Wẹ̀mímọ́ ni wọ́n sì ní kó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo àgbà tó lọ bá, ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n ń sọ padà fún un. Bí tíṣà bá ti mú bírò jáde, ojú máa ń ti àgbà láti dá a padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Wẹ̀mímọ́ kò tíì pé ọdún mẹ́rin, òtítọ́ ò sì rí ẹsẹ̀ gbé. Inú ń bí i, èyí tó sì dùn ún jù ni pé kò rí ẹlòmíì bínú sí ju ara rẹ̀ lọ.

Florent, alága ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

"Màdáàmù, kí lẹ wá ń da ara yín láàmú sí? Ẹ kọ Kàpìtẹ́nì síbẹ̀."

"Kò sí Kàpìtẹ́nì, Mùsé Florent."

"Ó wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Kí la tún ń pè ní ìtàn? Ẹ má sì gbàgbé ẹ̀ṣọ́ inú ìtàn yín tó sùn lọ tí ewúrẹ́ fi kún pápá. Ìyẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín jù!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin arúgbó kan dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Wẹ̀mímọ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ìwọ lo ń ka ìtàn nínú rédíò?"

"Èmi ni, Mà."

"Clémentine lorúkọ mi, Ìyá Reine ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ mi, Norbert, òun ló ń ṣọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú."

"Mi ò mọ̀ pé pápá yẹn ní ẹ̀ṣọ́ rí, Mà."

"Ó ní. Ẹnì kan ṣoṣo. Ìwọ wá sọ ọ́ nínú rédíò pé ẹ̀ṣọ́ pápá sùn lọ. Ta lo fẹ́ kí ìlú rò pé ò ń bá wí? Bí ọmọ ọmọ mi bá lọ pọnmi, wọ́n á ní, 'Ọmọ Asùnlọ, ṣé ẹ ti jí nílé yín?'"

Wẹ̀mímọ́ kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́. Ó kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ìjà inú ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀ ni.

"Ṣé Bàbá gbọ́ ọ?"

"Ó gbọ́ ọ. Orí àìsàn ló wà. Ó ní, 'Ta ló sọ fún un pé mo sùn?' Ó ní ká pa rédíò. Kò pé oṣù kan sí i tó fi kú."

Wẹ̀mímọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, kò bìkítà pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń kọjá. Ìtìjú bò ó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni Bàbá ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Ó ń gé koríko. Ọdún méjìlélógún. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, a máa ń lé màlúù kúrò. Èmi ni mo ń rán àpò aṣọ tó ń so sórí òpó, kí awakọ̀ lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ọdún mọ́kànlá tó kẹ́yìn, ọkọ̀ kankan ò bà mọ́, ó sì ń gé e lọ. Mo ní, 'Bàbá Reine, ta lò ń gé e fún?' Ó ní ẹni tó gba òun síṣẹ́ ò tíì ní kóun dáwọ́ dúró."

"Mà, mo lè tún un ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, màá ní Bàbá ló fa Kàpìtẹ́nì yọ nínú iná. Gbogbo ìlú á máa yìn wọ́n."

"Rárá." Ohùn ìyá náà le. "O ti fi irọ́ bà á jẹ́. Má fi irọ́ tún un ṣe. Ó gé koríko. Sọ bẹ́ẹ̀."

Wẹ̀mímọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan àtààbọ̀ ló kọ fún pátákó náà, ó mú un lọ fún Florent. Florent kà á tán, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọkùnrin kan gé koríko. Ṣé èyí ni èèyàn á torí ẹ̀ wá láti Kútọnu?"

"Òun ló ṣẹlẹ̀."

"Bàbá Souleymane ti ń sọ fáwọn ọmọ rẹ̀ pé òun rí Kàpìtẹ́nì. Ṣé ẹ fẹ́ sọ àgbà ìlú di òpùrọ́ ni? Àlejò lẹ jẹ́ níbí o, Màdáàmù. Ẹ rántí pé a fẹ́ràn yín."

Òótọ́ ni, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá ọjà kì í jẹ́ kó sanwó ata. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Kàpìtẹ́nì. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó sì jáde láìdágbére.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú pé, Ayọ̀mikún tó ń ṣètò ohùn ní rédíò gbé ìka sókè fún un pé ó ti yá. Wẹ̀mímọ́ mọ̀ pé rédíò ti ń dún ní àgbàlá Bàbá Souleymane, tí àwọn ọmọ sì ti jókòó yí i ká.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀. Kò sí Kàpìtẹ́nì lónìí, kò sì sí i rí. Irọ́ ni, èmi ni mo pa á, kì í ṣe àgbà ìlú kankan. Ẹ̀ṣọ́ pápá tí mo ní ó sùn lọ, Norbert lorúkọ rẹ̀. Kò sùn. Ó gé koríko fún ọdún méjìlélógún."

Ayọ̀mikún nawọ́ sí bọ́tìnnì orin, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Wẹ̀mímọ́ mi orí, ó sì ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ lọ.