Pèrègún Mẹ́ta Létí Adágún Àjàní

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san lára àgbàlagbà, kí ó má mú kùmọ̀ dání. Ìwé ni kí ó mú. Ìwé ni Ọmọ́ṣọlá mú dání lọ́sàn-án ọjọ́ tí gbogbo abà Ọdẹ́túndé pé jọ sójúde Baálẹ̀ Sàníù, ní ọdún 1990. Ojú ewé mẹ́rin ni, bírò ló fi kọ ọ́, ó sì ká a sínú Bíbélì rẹ̀ kí òógùn má bàa bà á jẹ́.

Ẹni tó bá mọ abà náà láyé ìgbà yẹn yóò rántí bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe máa ń rí: òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan, èéfín gàrí láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, eruku pupa ọ̀nà Erunmu tó ń bà lé gbogbo rẹ̀. Obìnrin mẹ́tàdínlógún ló ń ṣe gàrí níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí, kò sì sí èyí tí páànù náà kò tíì bó níka nínú wọn. Nígbà tí ìjọba kéde pé ẹgbẹ́ obìnrin tó bá kọ̀wé tó yanjú yóò gba ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, ariwo ayọ̀ sọ lábà. Ọmọ́ṣọlá nìkan ni kò pariwo. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ìwé náà.

Wọ́n gbà, torí ó ka ìwé mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà. Wọn ò mọ̀ pé ó ti ń kọ ìwé yẹn nínú ọkàn rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún.

Ní ọdún tí Àgbẹ̀kọ̀yà jà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn ọkùnrin abà sá wọgbó nítorí ọlọ́pàá, Ìyàndá bàbá rẹ̀ sì wà lára wọn. Àjàní, tí òun àti Ìyàndá jọ pààlà, ló ní ẹsẹ̀ ń ro òun, tó dúró sílé. Ẹsẹ̀ tó ń ro ó yìí kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó gé pèrègún tó wà lójú ààlà mọ́lẹ̀, ó gbin òmíràn sókè, ó sì fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ wọnú ilẹ̀ Ìyàndá. Nígbà tí Ìyàndá ti igbó dé, ebi ń pa ilé rẹ̀, kò wo pèrègún kankan, ó lọ wa ẹ̀gẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Àjàní ké olè. Àwọn àgbà lọ wò ó: pèrègún rèé, ihò ẹ̀gẹ́ rèé lódìkejì pèrègún. Ẹjọ́ parí. Wọ́n di ẹ̀gẹ́ náà ru Ìyàndá, wọ́n mú un yí abà ká, àwọn ọmọdé ń kọrin olè tẹ̀lé e. Ọmọ́ṣọlá wà láàárín àwọn ọmọdé náà. Ó ti gbe orin yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rí ẹni tó ru ẹrù.

Ìyàndá kò jẹ ẹ̀gẹ́ mọ́ títí tó fi kú, kò sì pé ọdún méjì tó kú.

Ọmọ́ṣọlá dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí Tósìn. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ rẹ̀ dúró níbi iṣẹ́ ní Alakia, tí ìlú le, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sábà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń ṣẹ́gi lódìkejì adágún tí Àjàní gbẹ́ fún ẹja, ó gé ewé akintọ́lá, ó sì rí pèrègún mẹ́ta nínú igbó náà. Wọ́n tò lọ gbọọrọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ láti ara kùkùté nínípọn tí àpá àdá àtijọ́ wà lórí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi kàn án látàrí.

Àjàní gé wọn ni, kò hú wọn; ojú ń kán an nígbà yẹn. Ọdọọdún ló ń dáná sun ibẹ̀ kí wọ́n má bàa yọ. Àmọ́ àtìgbà tó ti gbẹ́ adágún ni kò ti dáná síbẹ̀ mọ́, kí eérú má bàa bọ́ sómi ẹja. Omi adágún rẹ̀ ló ń rin gbòǹgbò wọn láti ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ẹ̀rí.

Ọmọ́ṣọlá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ ọ́ lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, wọn kò ní bá pèrègún kankan níbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo abà rí i lójú kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kí akọ̀wé ìjọba sì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ẹnu tó pe bàbá rẹ̀ ní olè sọ ọ́ níta gbangba pé kì í ṣe olè.

Ó ka ìwé náà lójúde Baálẹ̀ láìkánjú. Ó sọ iye apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà lọ́ṣẹ̀ kan torí ọwọ́ kò ká a. Ó sọ bí àwọn oníṣòwò Ìbàdàn ṣe ń kọjá wọn lọ síbi tí gàrí ti kúnná.

Mùjíbátù, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà, kò lè mú un mọ́ra. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ wo ìka mi, ẹ̀yin àgbà! Mẹ́wàá ni mo kó wọlé ọkọ, páànù ti jẹ ìdajì. Bí ẹ ò bá fọwọ́ síwèé yìí, ẹ̀yin lẹ ó rin ẹ̀gẹ́ ọ̀la o."

Ẹ̀rín sọ. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ńkọ́, Ìyá Tósìn?"

"Mo fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ bàbá mi tó ṣẹ́kù, lókè adágún Bàbá Àjàní. Ó súnmọ́ ọ̀nà, ó súnmọ́ odò. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagẹ̀rẹ́, omi ẹ̀gẹ́ kò ní dúró síbẹ̀."

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Àjàní dìde, ó ti ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kò ní dúró síbẹ̀, ibo ni yóò ṣàn lọ? Omi ẹ̀gẹ́ tó ń pa koríko, tó ń pa ewúrẹ́! Ìwọ ọmọ yìí, ẹja mi lo fẹ́ pa."

"Ẹ má bínú, bàbá. Òfin wà lórí fọ́ọ̀mù. Ilé gàrí gbọ́dọ̀ fi ọgọ́ta ìṣísẹ̀ jìnnà sí adágún ẹlòmíràn. Bí kò bá pé, ìjọba kò ní gbà."

"Kò pé! Kò pé ìdajì!"

"Bóyá ó pé, bàbá. Ojú lè máa tàn yín jẹ."

"Ojú ta ni? Ojú èmi Àjàní? Ẹ pe akọ̀wé wá! Kí ó mú tépù rẹ̀ bọ̀, kí gbogbo abà tẹ̀lé wa lọ, kí a wọ̀n ọ́n!"

Ọmọ́ṣọlá dorí kodò bí ẹni tí ojú ń tì. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Múyì gun alùpùpù dé. Gbogbo abà tẹ̀ lé e. Ó na tépù láti ibi tí wọ́n kan èèkàn ilé gàrí mọ́ títí dé etí omi.

"Ìṣísẹ̀ méjìlélógún," ni ó wí.

Àjàní yíjú sáwọn obìnrin. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó yá, ẹ padà sídìí páànù yín!"

Mùjíbátù pòṣé. "Ọmọ́ṣọlá, o ò ṣe wá lóore o."

Ọmọ́ṣọlá yíjú sí akọ̀wé. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì kọ ibi tí ilẹ̀ Bàbá Àjàní ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù bèèrè rẹ̀."

Múyì ṣí ìwé wò. "Òótọ́ ni. Bàbá, ẹ fi ààlà yín hàn mí."

Àjàní fi ọ̀pá tọ́ka sí pèrègún tó wà lókè adágún. "Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Ti ọ̀hún yẹn ńkọ́?" ni Ọmọ́ṣọlá wí. Ó ti gba etí omi kọjá sódìkejì, ó sì ti ń ṣá igbó akintọ́lá lulẹ̀. Pèrègún mẹ́ta náà yọ síta.

Baálẹ̀ Sàníù rìn lọ síbẹ̀. Ó wà lára àwọn àgbà tó dá Ìyàndá lẹ́bi láyé ọjọ́un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú àpá àdá, ó sì wo ojú ìlà àwọn pèrègún náà títí dé ìdí igi orógbó tí àwọn bàbá wọn fi ń dá ààlà mọ̀.

"Àjàní, ta ló gé èyí?"

"Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́..."

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo bi ọ́."

Àjàní wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ èṣù ni, Baálẹ̀."

"Ṣé èṣù náà ló gbẹ́ adágún?" ni Mùjíbátù bèèrè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ohùn Baálẹ̀ ti yí padà. "Ọmọ Ìyàndá, kí lo fẹ́?"

"Ẹrù tí bàbá mi rù ni kí wọ́n rù."

Múyì fẹ́ pẹ̀tù sí i nínú. "Ìyá, àgbàlagbà ni wọ́n o."

"Bàbá tèmi náà kì í ṣe ọmọdé."

Wọ́n wa ẹ̀gẹ́ kún apẹ̀rẹ̀. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀ níwájú Àjàní bí ó ti yẹ kí obìnrin kúnlẹ̀ fún àgbà, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán, bàbá." Nígbà tó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé e lórí. Láti ojúlé dé ojúlé ni Àjàní ń dúró, tó ń wí pé, "Ìyàndá kò jalè. Èmi ni mo jí ilẹ̀ rẹ̀." Ọmọdé kankan kò kọrin. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ojúde Baálẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ó tó, Ìyá Tósìn," Mùjíbátù wí jẹ́jẹ́.

"Ó ku ilé mẹ́rin."

Lẹ́yìn ilé mẹ́rin náà, Múyì parí ìwé rẹ̀. Adágún wà lórí ilẹ̀ Ọmọ́ṣọlá báyìí, kì í ṣe adágún ẹlòmíràn mọ́, òfin ọgọ́ta ìṣísẹ̀ kò sì kàn án. "Ṣùgbọ́n a lè sún èèkàn sápá ọ̀tún," ni ó wí, "kí ẹja bàbá má bàa kú."

"Ibi tí mo kọ sínú ìwé ni."

Àjàní ló tẹ̀ka kẹ́yìn. Yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá àmì náà wọ inú ìwé.

Ẹ̀rọ dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹja àrọ̀ àti ẹ̀pìyà léfòó, ikùn wọn funfun lójú omi. Àjàní kò jáde wò ó. Àwọn obìnrin ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, egbò ìka wọn sì ń jinná. Wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ Ọmọ́ṣọlá ìdí tí kò fi gberin.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo adágún náà kí ojú rẹ̀ lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ewé pèrègún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pọ́n láti ṣóńṣó. Àdá kò pa wọ́n, iná ogún ọdún kò pa wọ́n. Omi tó ń ti ilé gàrí bọ̀ ló fẹ́ pa wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kí àwọn yòókù tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, yóò ti pọn omi tó mọ́ láti odò, yóò ru ú gba etí omi tó ń rùn náà kọjá, yóò dà á sídìí kùkùté kọ̀ọ̀kan. Mùjíbátù ká a mọ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọmọ́ṣọlá, ṣé kí a la ojú omi gba ibòmíràn? Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni."

Ọmọ́ṣọlá wo adágún, ó wo òrùlé ilé Àjàní tó hàn láàárín igi.

"Kí ó máa ṣàn bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sì padà sódò lọ pọn òmíràn.