Jíìpù Tí Gbogbo Etíkun Fà

Ẹ má sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó gbó níwájú mi bí ẹ ò bá rí Píjò Bàbá Sẹ̀wánù rí. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó níwájú ń wo títì láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì mọ́, okùn àwọ̀n ni wọ́n fi so ó. Tó bá ti gbéra ní abúlé wọn létí òkun, lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń dúró de ẹja lọ́jà Àràdágùn á ní àwọn ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Irọ́ ni, ọ̀nà jìn, àmọ́ ẹ kúkú mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ìbàdí ń dùn ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran kedere. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti pín ẹja tán, á yọ orí lójú fèrèsé Píjò, á kígbe pé, "Ta ló ń lọ Àràdágùn?" Àwọn obìnrin á gbé àpẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, aboyún á wọlé, aláìsàn á wọlé, ẹni tó kàn fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ náà á wọlé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó ní àyè ò sí.

Dosi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Àwa Ẹ̀gùn ló ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí tẹ̀lé ìbejì ní Dosi, bí ẹ̀yin ṣe ń pè é ní Ìdòwú. Ẹ sì mọ agídí Ìdòwú. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe ní Òtò, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ti dún láàárọ̀, á rò pé Píjò ti pa bàbá òun.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí fún àwọn tó ń ra irin àlòkù," ló máa ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́. Ó máa pa yín lójú títì ni."

"N ò lè dá a tà, Dosi. Kì í ṣe tèmi nìkan."

"Ta ló tún ni ín?"

Bàbá á na ọwọ́ sí etíkun. "Àwọn yẹn."

Dosi á pòṣé. Ó ti gbà pé àwíjàre arúgbó ni.

Ó wá fi ọdún mẹ́fà tọ́jú owó, kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó tó, ó mú Muhyideen dání, mẹkáníìkì kan ní Àgbádárìgì tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé. Muhyideen ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tòkunbọ̀ bíi mẹ́jọ, ó gbóòórùn ọ́ìlì, ó dọ̀bálẹ̀, ó tún fẹ̀yìn lélẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ títí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ fi dọ̀tí bíi tiwájú. Jíìpù kékeré kan tó láwọ̀ eérú ló wá fọwọ́ gbá lórí.

"Èyí dáa. Ó ga, bàbá ò ní máa tẹ̀ ba kí wọ́n tó wọlé. Àmọ́ gbọ́ o, Dosi. Táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Má gbé e dórí yanrìn o."

"Ṣé kì í ṣe jíìpù ni?"

"Jíìpù ojú títì ni. Mo ti sọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Dosi gbé jíìpù délé. Ó ti fi ọ̀rá bo gbogbo àga rẹ̀ kí eruku má baà kàn án. Ganiyat tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ló kọ́kọ́ sáré jáde, ó hó yèè, ó jó yí ọkọ̀ náà ká, ó sì gbé àpẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó lè gbé e sẹ́yìn jíìpù bó ṣe máa ń gbé e sẹ́yìn Píjò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni Dosi sọ, ó dínà. "Ọkọ̀ tó mọ́ nìyí. Kì í ṣe ti ẹja."

Ganiyat gbé àpẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sórí, ó gba ọ̀nà etíkun lọ.

Bàbá jáde wá. Ó fọwọ́ pa jíìpù náà lára láti iwájú dẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ lé Dosi lórí, ó pe Máwù, Ọlọ́run àwọn baba rẹ̀, ó súre fún un lédè Ẹ̀gùn títí omi fi bọ́ lójú ọmọ. Dosi rò pé ọ̀rọ̀ Píjò ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni bàbá yìí ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa kọ́kọ́rọ́ Píjò yọ, ó sì rọra ń lọ síbi tó gbé e sí.

"Bàbá! Ọkọ̀ yín nìyí o!"

"Tìẹ ni, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó o lò ó pẹ́." Ó ṣí ilẹ̀kùn Píjò. "Àwọn tó ni eléyìí ń dúró dè mí."

Inú bí Dosi, ẹ má bi mí bó ṣe bí i tó. Ọdún mẹ́fà! Ó ní òun á fi han bàbá yìí lónìí pé ohun tí Píjò lè ṣe, jíìpù lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣáná sí i, ó tẹ̀lé e.

Kí n sọ bí iṣẹ́ etíkun yẹn ṣe rí. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé àwọ̀n ńlá kọjá ìgbì. Wọ́n á fi orí okùn kan sílẹ̀ létí omi, wọ́n á mú orí kejì padà wá láti ọ̀nà ibòmíràn. Gbogbo abúlé á wá pín sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n á máa fi orin fà á bọ̀ títí àwọ̀n á fi gúnlẹ̀. Òfin kan ló sì wà níbẹ̀ látayébáyé: ẹni tó bá ti fọwọ́ kan okùn, ó ní ìpín nínú ohun tó bá jáde. Ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe arúgbó tí kò lágbára kankan. Wọn kì í béèrè bó o ṣe fà á tó.

Wọ́n ń fà á lọ́wọ́ láàárọ̀ yẹn. Bàbá gbé Píjò dúró lábẹ́ igi àgbọn bó ṣe máa ń ṣe, lórí imọ̀ àgbọn tó tẹ́ sórí yanrìn kí táyà má baà rì. Dosi fọn fèrè, ó kọjá lára rẹ̀, ó kọjá lára àwọn tó ń fa okùn, ó lọ dúró gan-an létí omi níbi tí yanrìn ti tutù tó sì dà bí ilẹ̀ líle. Ó fẹ́ yí padà. Táyà iwájú yí lófo. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Yanrìn fò sókè, imú jíìpù rì. Ìgbì kan wá, ó kan táyà. Èkejì wá, ó kan ilẹ̀kùn. Omi òkun ń kún bọ̀.

"Yéè! Mo gbé o!" Dosi bẹ́ jáde, omi mù ún dé orúnkún. Ó fi èjìká ti irin tútù yẹn, bí ẹni ń ti ògiri.

Bàbá ti dé etí omi. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo jíìpù, ó wo àwọ̀n tó ṣẹ́kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀. Ẹja ti ń ta nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ ju okùn sílẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó mira. Oúnjẹ wọn ló wà nínú omi yẹn, ti ọjọ́ náà àti tọ̀la.

Ganiyat ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ okùn. Ganiyat tí Dosi lé àpẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn jọ̀wọ́ ẹ̀. Àwọ̀n dẹ̀, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde, wọ́n ń kọ mànà nínú oòrùn, wọ́n ń padà sínú òkun, kò sì sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n.

Wọ́n tú okùn kan lára àwọ̀n, wọ́n so ó mọ́ irin ẹ̀yìn jíìpù. Gbogbo etíkun tò sí i. Àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin tó pọnmọ, ìyá àgbà kan tí kò ríran mọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé okùn. Bàbá dá orin, wọ́n gbè é, ẹsẹ̀ wọn jọ ń lu yanrìn pọ̀. Ẹ̀rù ba Dosi. Kì í ṣe ẹ̀rù òkun mọ́, ẹ̀rù àwọn èèyàn yẹn ni. Àárín wọn ni wọ́n bí i sí, kò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n tóbi tó. Ó sáré lọ sí ìdí okùn, ó dì í mú lẹ́yìn Ganiyat, ó ń fà, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ tó ti lọ sílé ìwé gíga, kò fọwọ́ kan okùn mọ́.

Òkun fà, wọ́n fà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni jíìpù mì, tó sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi tó ń gúnlẹ̀. Wọn ò dúró àfìgbà tó dé abẹ́ igi àgbọn.

Bàbá jókòó sórí yanrìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó di ọdún kejìlélọ́gbọ̀n," ló sọ. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Píjò. Èmi náà fẹ́ káyé rí mi, mo gbé e dé ibi tó o gbé tìẹ dé yẹn. Omi ti dé fèrèsé kí wọ́n tó fà á jáde. Wọ́n pàdánù ẹja lọ́jọ́ náà. Ta ni mo fẹ́ wá sọ fún pé tèmi nìkan ni?"

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo ń sọ ọ́. O ń pòṣé."

Wọ́n padà lọ fa àwọ̀n. Ẹja inú rẹ̀ kò kún àpẹ̀rẹ̀ méjì. Wọ́n pín in bó ṣe mọ, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú kan sí Dosi. Ì bá sàn fún un kí wọ́n sọ ọ́.

Dosi pe Muhyideen, ó gun ọ̀kadà dé láti Àgbádárìgì. Òun bú u dáadáa, ó bú u tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì fi omi kànga fọ iyọ̀ kúrò lára ọkọ̀ náà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dáhùn ni Dosi ṣí ilẹ̀kùn. Ó fa ọ̀rá orí àga ya, gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ ìkankan kù. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Ganiyat, ó kúnlẹ̀, ó gbé àpẹ̀rẹ̀ tó ń kán omi ẹja náà fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn jíìpù.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìpín yín ni."

Ganiyat wò ó. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ló fèsì. "Sún un síwájú díẹ̀, tàwọn yòókù ń bọ̀."

Bàbá Sẹ̀wánù rìn lọ bá Píjò. Ó fọwọ́ lé e lórí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí Muhyideen.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn onírin wá gbé e. Àwọn tó ni ín ti rí òmíràn."

Ó wọ jíìpù láìtẹ̀ba, ó jókòó, ó fọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wo gbogbo àwọn tó wà létíkun yẹn, ó sì kígbe:

"Ta ló ń lọ Àràdágùn?"