Ọkọ̀ Funfun Tí Wọ́n Páàkì De Àwọn Ọmọ Ọlọ́mọ

Bí ìsọjí bá ń bọ̀ ní Òkè Àdó, tàbí tí ilé-ìwé kan bá fẹ́ gba ọmọ tuntun ní Challenge, ohùn Láwùmí Ògúnsànyà ni àwọn ará Ìbàdàn fi ń mọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì lérí, á máa wọ́ bí ìgbín láti Agbowó dé Apẹtẹ, ohùn rẹ̀ á sì ṣáájú rẹ̀ wọ inú ilé. Ogún ọdún ló fi darí akọrin ìjọ kí ó tó di olùpolongo. Àwọn ènìyàn gbà pé ẹnu tó ń kọrin sí Ọlọ́run kò ní í purọ́ fún wọn.

Ìdí nìyẹn tí Adéfọlárìn fi wá bá a. Láwùmí ló kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n báyìí, ó sì fẹ́ ṣe ìdíje sikéètì. Àwọn ọ̀dọ́ yóò wọ bàtà onítáyà, wọn yóò sì sáré àsápajúdé wálẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títì tuntun kan lẹ́yìn Bódìjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ ni yóò lọ sáré ní Àbújá.

"Bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́?" ni Láwùmí bi í.

"Màmá, ọkọ̀ aláìsàn máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì àti ọ́síjìn."

Ohun tí Láwùmí sì polongo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ní Agbowó, ó tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tí Àlàájà Zùwáírátù ni. Mutmainah, ọmọ Àlàájà náà, ni kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú sikéètì ní gbogbo Poli, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti fi àáké kọ́rí pé kò ní í lọ. Wákàtí kan ni Láwùmí fi bẹ̀ ẹ́.

"Àlàájà, ẹ fi ọmọ yìí lé mi lọ́wọ́. Bó bá tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kọ, nọ́ọ̀sì á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dìde lórí àga."

Àlàájà wo ojú rẹ̀ títí. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, Màmá Olórin. Tó bá jẹ́ onírùngbọ̀n yẹn ló wá fúnra ẹ̀, mi ò bá ti lé e jáde."

Ní àárọ̀ Sátidé, èrò ti kún ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Láwùmí ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, òun ló pe orúkọ àwọn mọ́kànlá tó fẹ́ sáré. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sí kọ́nà ìsàlẹ̀, níbi tí títì ti ṣẹ́ lójijì, tí wọ́n to táyà àlòkù sí kí ó lè gba ẹni tó bá yà bàrá. Ọkọ̀ funfun kan wà níbẹ̀, iná pupa ń yí lórí rẹ̀. Láwùmí fẹ́ lọ kí àwọn nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́.

Kò rí nọ́ọ̀sì. Awakọ̀ kan ló jókòó, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá," ni ọkùnrin náà wí. "Bọ́láwárìn ni. Èmi ni mo gbé Dádì wá sílé láti mọ́ṣúárì lọ́dún tó kọjá."

Láwùmí mọ̀ pé ọkọ òun tó ti kú ló ń wí. Ó yí sẹ́yìn ọkọ̀, ó fa ilẹ̀kùn. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ́síjìn. Irin gbọọrọ méjì tí wọ́n máa ń ti pósí lé ló rí, àti kọ́tínnì aláwọ̀ àlùkò, àti òórùn oògùn òkú tí wọ́n fi lọ́fínńdà bò tí kò sì bò. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Bébà ni àgbélébùú pupa ara rẹ̀. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lé orúkọ àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú.

"Bọ́láwárìn, kí ni wọ́n ní kí o wá ṣe?"

"Wọ́n ní kí n páàkì, kí n tan iná orí ẹ̀. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí n ní nọ́ọ̀sì lọ ra búrẹ́dì."

Irú ìbínú tó ru sókè nínú Láwùmí, kò mọ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ Olúwa. Ọkọ̀ tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìkẹyìn ni wọ́n wá gbé síbí, tí wọ́n fi ń dúró de ọmọ ọlọ́mọ. A kì í gbẹ́ sàárè sílẹ̀ de alààyè. Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà padà láìdúró mí, ó bá Adéfọlárìn lábẹ́ kánópì.

"Níbo ni ọkọ̀ aláìsàn wà?"

"Ó wà ní kọ́nà, Màmá. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Ọkọ̀ tó gbé ọkọ mi lọ sí sàárè ni mo rí."

Adéfọlárìn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ rọra. Àwọn tó ni ọkọ̀ aláìsàn já mi kulẹ̀ lánàá. Mo ní kí èrò kàn rí nǹkan funfun kan, kí ọkàn wọn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣubú lórúkọ Jésù. Ẹ má fi ẹnu yín pè é."

"Ta ló ní kí Olúwa wa bẹ́ sílẹ̀ láti ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e?"

Adéfọlárìn fẹ́ padà sábẹ́ kánópì.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ́ nígbà náà, ìwọ lo kọ́kọ́ nawọ́. Ta ni?"

"Èṣù ni, mà."

"Ohùn ẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ẹ yìí."

Ó gba máìkì. "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Láwùmí ni mo pè yín wá. Mo ní ọkọ̀ aláìsàn wà níbí. Kò sí o. Ọkọ̀ òkú ló wà ní kọ́nà yẹn."

Adéfọlárìn juwọ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní iná kò nílò jẹnẹrétọ̀. Láwùmí tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pàápàá gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, àwọn eléré náà kọ̀, wọ́n ní àwọn á sáré. Ọ̀kan nínú wọn, Jóṣúà, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Mọ́mì, àwa tá à ń di ẹ̀yìn tírélà mú ní Ring Road, ṣé nọ́ọ̀sì ló ń sáré tẹ̀lé wa níbẹ̀ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Bọ́láwárìn dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, mi ò ní í tàn yín. Àná ni mo fi ọkọ̀ yẹn gbé òkú ẹnì kan lọ sí Ìṣẹ́yìn. Mi ò tí ì fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín tán. Jóṣúà jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. "Èmi ò lè sáré lọ bá ọkọ̀ òkú o. Ìyá mi á pa mí kí n tó kú." Lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù jókòó tì í. Ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú Láwùmí. Ibi tí kò ti sí nọ́ọ̀sì kò bà wọ́n lẹ́rù, pósí ni wọ́n ń sá fún.

Mutmainah nìkan ni kò tú bàtà. Ó fi akoto lé orí híjáàbù rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ lọ.

Adéfọlárìn rí i. "Ó dáa," ló wí, "ẹni tó bá sáré ló wọlé. Mutmainah, máa lọ, Àbújá ti di tìẹ."

Láwùmí rìn síwájú ọmọbìnrin náà, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó sí àárín títì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Mutmainah wí. "Ọdún kan ni mo fi ń múra sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bẹ màmá mi fún mi."

"Èmi náà ni mo ń gba ẹ̀bẹ̀ náà padà."

"Mo lè gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá."

"Mo mọ̀. Bí o bá gbà á tí o sì ṣubú, ta ló máa di egungun ẹ fún ẹ? Onírùngbọ̀n yìí?"

Ọmọbìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, táyà bàtà rẹ̀ dún lórí ọ̀dà. Ọwọ́ kan sì dì í mú léjìká. Ìyá rẹ̀ ti jáde láti àárín èrò.

"Tú bàtà náà," ni Àlàájà wí.

"Màmá."

"Mo ní kí o tú u."

Mutmainah tú u. Ó ń sunkún, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Àlàájà gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá yíjú sí Láwùmí tó ṣì wà nílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, Màmá Olórin. Lọ́jọ́ tí ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ẹ ti fi ojú yín rí ọkọ̀ aláìsàn kankan?"

Gbogbo ìbínú tí Láwùmí ti ń gbé kiri láti àárọ̀ padà sórí ara rẹ̀.

"Mi ò rí i, Àlàájà. Ẹnu Adéfọlárìn ni mo ti gbọ́ ọ, mo bá fi ohùn mi gbé e kiri."

"Kì í ṣe òun ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ dìde nílẹ̀, oòrùn ti ń mú." Ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí i. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n gba àárín èrò lọ.

Láwùmí dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Àwọn èrò ti ń pe orúkọ Adéfọlárìn báyìí, wọn ò sì fi ẹ̀rín pè é. Láwùmí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ìpolongo fún un.

"Wọlé."

"Màmá, ẹ ti bayé mi jẹ́."

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ yẹn á bà á jẹ́ ju báyìí lọ. Wọlé."

Ó wo ẹ̀yìn, ó sì wọlé. "Níbo là ń lọ?"

"Gbogbo ibi tí mo ti polongo ẹ. Agbowó, Apẹtẹ, Challenge. Èmi á sọ tèmi, ìwọ á sọ tìẹ."

"Wọ́n á bú wa."

"Kí wọ́n bú wa."

Agbowó ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, Láwùmí ní kí awakọ̀ rẹ̀ dúró, ó sì tan máìkì.

"Èmi Láwùmí Ògúnsànyà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti ha. "Ohun tí n kò fojú rí ni mo sọ fún yín lọ́sẹ̀ mẹ́ta yìí. Ẹ̀bi mi ni, mo wá jẹ́wọ́ ẹ̀ ni. Ẹ dúró, ó ku ẹnì kan."

Ó na máìkì sí Adéfọlárìn láìwo ojú rẹ̀.