Géètì Ọ̀gá Bùrẹ́ímọ̀

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, mo kàn fẹ́ sọ ọ́ síta ni: ẹni tó bá ń pariwo kiri pé ilé kékeré ló wu òun, ó fẹ́ ká wo òun ni.

Ọ̀gá Bùrẹ́ímọ̀, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ifọ̀, kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ sí Mowe. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó máa ń sọ fún wọn ní mọ́sálásí pé, "Ẹ̀yin ẹ máa kọ́ yàrá fún aláǹgbá. Èmi ò ní kọ́lé ju ara mi lọ."

Kò sọ fún wọn pé Ròkíátù ìyàwó òun ló dá a lábàá. Ẹ̀rọ omi mọ́sálásí, nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, ni obìnrin náà ti ń pọnmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti háyà yàrá ládùúgbò náà.

"Bàbá Fadilah, ẹ jẹ́ á kọ́ èyí tágbára wa ká, ká fi ìyókù gbẹ́ kànga. Ọrùn mi ò lè ru omi mọ́."

Ọ̀gá fọwọ́ sọ̀yà: kí wọ́n tó kó wọlé, kànga á ti wà.

Ilé parí. Ọ̀gá dúró lójú títì, ó wò ó. Ó kéré lóòótọ́. Ẹ̀rù bà á pé ẹni tí kò mọ̀ pé ọgbọ́n ni lè pè é ní ìṣẹ́. Ló bá ké sí Yínúsà, wẹ́dà ìtòsí.

"Ṣe géètì fún mi."

"Báwo ló ṣe máa tóbi tó, ọ̀gá?"

"Kí ẹni tó bá rí i má bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Tírélà á gba ẹnu géètì náà kọjá. Orí kìnnìún méjì ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá kò sì ní kẹ̀kẹ́ pàápàá.

"Kànga ńkọ́?" Ròkíátù bèèrè.

"Ó ń bọ̀. Ilẹ̀ ò ní sá lọ."

"Ilẹ̀ ò ní sá lọ. Ọrùn mi ló ń lọ."

Wọ́n kó wọlé bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àdúrà ìṣílé, gbogbo omi tí Ròkíátù pọn láàárọ̀ ló bá oúnjẹ àlejò lọ. Ààfáà Sàlísù àtàwọn èèyàn rẹ̀ dé láti Ibafo, wọ́n pẹ́ lẹ́nu géètì, wọ́n ń fọwọ́ pa kìnnìún lórí.

"Màṣá Àlláhù! Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ ní ilé kékeré lẹ kọ́!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn. "Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni, Ààfáà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì."

Ààfáà ká apá aṣọ sókè. "Ó dáa, ẹ jẹ́ á ṣe àlùwàlá ká bẹ̀rẹ̀. Ibo lẹ̀rọ omi wà? Ẹ̀rọ omi ilé tó ní irú géètì yìí á tó gbogbo àdúgbò lò."

Ọ̀gá wojú ìyàwó rẹ̀. Ròkíátù jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Ìyá Fadilah, jọ̀ọ́…"

"Ó rẹ̀ mí, Bàbá Fadilah."

Kò dìde. Àwọn àlejò dúró, apá aṣọ wọn ká sókè. Kò sí omi nínú ilé náà.